Ọ̀sẹ̀ Ìgbálẹ̀ Irmgard

Igi Kérésì tí Irmgard fẹ́ lọ jù nù há sí igun àtẹ̀gùn, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Ó fi èjìká tì í. Ó tún tì í. Igi yọ lójijì, ó yí gbirigbiri lọ, kó sì tó dé ìsàlẹ̀, ó ti da ewé rẹ̀ tó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ sórí gbogbo àtẹ̀gùn.

"Igi òṣì!"

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ìbàdí ń dùn ún, ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ sì ni. Pátákó kékeré wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ lájà kẹrin. Ẹni tí pátákó bá kàn ló ni gbígbá àti fífọ àtẹ̀gùn, kó tó gbé e kọ́ ilẹ̀kùn ẹlòmíì. Ní Esslingen, ìlú wọn ní Jámánì, èèyàn lè má kí aládùúgbò, wọ́n á fojú fò ó. Ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀ ò ní àforíjì. Silke ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́sàn-án. Òun ló sọ nígbà Kérésì pé, "Màmá, ọjọ́ tẹ́ ò bá lè gbá àtẹ̀gùn yẹn mọ́, ilé àwọn arúgbó ni o." Irmgard fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀sẹ̀ òun kan ò yẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tó fi dá igi wọ́, tí kò pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀ràn àfọwọ́fà gbáà.

Ó wọ́ igi dé etí títì fún ọkọ̀ tó ń kó o, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ta ní í gbá àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀? Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ó gbá àjà kan, ó wẹ̀yìn: ewé! Ó padà, ó tún un gbá. Ewé! Àṣé súẹ́tà ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n sílẹ̀. Ó jókòó lájà kejì, ẹkún ìbínú gbọ̀n ọ́n.

Ilẹ̀kùn ṣí. Lore ni, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé lájà kejì, ẹni tó máa ń fìka wá eruku káàkiri. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà á.

"Ìyá Silke, ìsàlẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Lore, fi mí sílẹ̀ o. Inú ń bí mi."

Lore gòkè lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú pátákó, ó sì gbé e kọ́ ilẹ̀kùn ara rẹ̀.

"Kí lo ń ṣe yẹn? Ọ̀sẹ̀ mi ni! Mo lè fọ àtẹ̀gùn mi!"

"Ẹ ń fọ̀ ọ́ láti òkè dé àjà kẹta péré. Ta lẹ rò pó ń fọ ìyókù láti oṣù kẹwàá?"

Irmgard gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ìbàdí bá dá a dúró, ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìsàlẹ̀ ò kúkú dọ̀tí.

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Bẹ́ẹ bá lọ sílé àwọn arúgbó, ta ni màá máa bá jà?"

Aago ẹnu ọ̀nà dún. Silke gòkè, ó ń fẹsẹ̀ yẹ ewé. "Háà! Ọ̀sẹ̀ ta rèé? Irú ìdọ̀tí wo nìyí?"

Lore, ẹni tí wọn ò rí èérí kan lọ́sẹ̀ rẹ̀ rí, sorí kọ́. Etí rẹ̀ pọ́n. "Tèmi ni."

Irmgard wo pátákó, ó wo Lore. Ó bọ́ súẹ́tà náà.

"Silke, mú ìgbálẹ̀ yẹn dání. Ká bá a gbá a."

Òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.