Kéèkì Tí Haslam Kò Fẹnu Kàn

Ní yàrá ìwádìí wa ní Brisbane, ẹni tí ègé sílíkọ́nì rẹ̀, irú èyí tó ń wà nínú kọ̀ǹpútà, bá dáhùn nígbà àkọ́kọ́ ló máa ra kéèkì fún tíì àárọ̀. Tó o bá ti gbé kéèkì wọlé, o ti fọ́nnu nìyẹn. Èmi gbé lamington wọlé, kéèkì kéékèèké tí wọ́n fi ṣokoléètì àti àgbọn bò, àwo ńlá méjì.

Iṣẹ́ máásítà mi ni, iṣẹ́ àdáṣe: olùkọ́ ò gbọdọ̀ júwe ọ̀nà fún mi. Ìgbì rédíò ni mo ń rán sí ègé kékeré yẹn nínú fíríìjì tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì. Bó bá dá mi lóhùn, ìlà kan á máa gòkè sọ̀kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ Ajé ni ìlà náà yọ. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa dúró níwájú àwọn olùdánwò. Láìsí ìlà yẹn, ọwọ́ òfìfo ni mo máa gbé lọ.

Àwọn ará yàrá ìwádìí ń jẹ, wọ́n ń kí mi kú oríire. Ọ̀jọ̀gbọ́n Haslam, olùkọ́ mi, ní òun á jẹ tòun tó bá yá. Dinesh, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wá bi mí bóyá mo ti pa ẹ̀rọ ìgbì rédíò náà láti wò ó bóyá ìlà á kú. Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn ara mi.

“Àbúrò, ẹni tó o ò pè, tó ṣì ń dá ẹ lóhùn, ìwọ kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.”

Inú bí mi, ó kù díẹ̀ kí n da tíì sí i lára. Ó ti yẹ kí n pa ẹ̀rọ náà wò tipẹ́, ẹ̀rù ni ò jẹ́.

Mo lọ sídìí ẹ̀rọ ìgbì náà. Mo fọwọ́ lé bọ́tìnnì, mo gbé e kúrò, mo tún dá a padà. Mo pa á.

Ìlà náà ò kú. Bí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ fún fíríìjì ṣe ń mì, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gòkè. Mo lè padà lọ sọ pé ó kú, ta ló máa wá wò ó? Mo rò ó, mi ò ní purọ́, mo rò ó dáadáa.

Mo padà sídìí tíì. “Mo pa á. Kò kú. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ fún fíríìjì ni, kì í ṣe ègé mi.” Omijé ń dà lójú mi, mi ò nù ún.

“Mo ti fura láti ọjọ́ Ajé,” Haslam wí.

“Ẹ wá jẹ́ kí n gbé kéèkì wá?”

“Iṣẹ́ àdáṣe ni, Orla. Bí mo bá sọ ọ́, ó ti di tèmi. Ohun tó o rí yẹn ni kó o gbé lọ lọ́jọ́ Ẹtì.” Ó na àwo rẹ̀ sí mi. “Ó yá, fún mi ní méjì.”

Mo fún un. Inú ṣì ń bí mi sí i, mo sọ wọ́n sínú àwo náà débi pé àgbọn orí kéèkì dà sílẹ̀.