Irun Oyèṣínà

Aṣọ funfun kékeré kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ Láwọyin, ṣọ́jà tó ti ja ogun òyìnbó méjì. Oòrùn ọ̀sán ń ta sórí rẹ̀ lágbàlá ilé kan ní Ìgànná. Ìyá Oyèṣínà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Láwọyin gbé e lé e lọ́wọ́.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, irun rẹ̀ á wálé, èékánná rẹ̀ á wálé. A ó gbẹ́lẹ̀ fún un, a ó sunkún rẹ̀, ọkàn ìyá rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Bí wọn ò bá wálé, ìyá ò ní yé wo ọ̀nà títí ojú á fi fọ́.

Láwọyin mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà ogun Jámánì, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ lọ sí Kamẹrúùn. Òun nìkan ló bọ̀, lọ́wọ́ òfo. Ìyá tó bí àwọn méjèèjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ọdún mọ́kànlá. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi kú.

Ogun Hítílà dé, Láwọyin purọ́ dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, ó tún wọ kákí. Wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú. Kò dàrú o. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń lọ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kó wọn bọ̀ wálé.

Lójú ogun ní Bọ́mà, nínú òjò tí kì í dá, nínú ẹrọ̀fọ̀ tí kì í gbẹ, Oyèṣínà kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láwọyin gé irun rẹ̀. Ó gé èékánná. Ó gbé e mọ́ àyà wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gá kan ní kí wọ́n tú ẹrù wò. Ó rí irun, ó yínmú, ó ní ìdọ̀tí ni, ó jù ú sókun. Irú èèyàn wo nìyẹn? Ẹni tó jà fún un, tó kú fún un, irun onítọ̀hún ló wá di ìdọ̀tí! Láwọyin dúró ṣánṣán, ó kí i bí ṣọ́jà. Ohun tí kákí kọ́ ọ nìyẹn.

Ìyá ń tú aṣọ náà báyìí. Irun Láwọyin fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èékánná Láwọyin ni, èyí tó fi abẹ gé láàárọ̀ yìí létí odò. Àwọn ẹbí ti gbẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Láwọyin ń wo kòtò náà, ó ń rò ó pé òun ni wọ́n fẹ́ sin láàyè yìí.

Ìyá dúró. Ó fi ìka mú fọ́nrán kan, ó gbé e sóòrùn. Funfun ni. Ó mú òmíràn. Funfun ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Oyèṣínà nígbà tó kúrò nílé.

Ó gbójú sókè, ó wo orí Láwọyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ó wò ó pẹ́. Ó wá bi í jẹ́jẹ́, ó ní ṣé ogun ló sọ ọmọ òun darúgbó báyìí.

Láwọyin ní ogun ni.

Ìyá náà ní ogun ni. Ó di aṣọ náà padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń pe Oyèṣínà, ó ń wo Láwọyin.