Ẹni Tó Gbá Yìnyín Ojúlé Darlene

Gbogbo ará ìlú Vesely ló mọ̀ pé Darlene Vondra kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀, ará ojúlé kẹta lè dá a lóhùn. Ní pápá béèsìbọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú náà, níbi tó ti ń jókòó láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì pupa, ohùn yìí ti di ti gbogbo ìlú. Bí agbábọ́ọ̀lù Vesely kan bá ti mú igi jáde láti wá lu bọ́ọ̀lù, Darlene á dìde, á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, á pariwo orúkọ ọmọ náà tòun ti orúkọ ìdílé rẹ̀, á wá béèrè pé, "Ta ló ni ín?" Gbogbo èrò á dáhùn pé, "Àwa la ni ín!" Àwọn ọmọ náà máa ń sọ láàárín ara wọn pé kóòṣì ló ń fúnni láṣọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ìyá Àgbà bá pariwo orúkọ ẹni lèèyàn tó di ọmọ Vesely.

Òfin kan ló wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Ẹni tí kò bá mú igi, kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ojúsàájú.

Lọ́jọ́ Sátidé tí Vesely fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọn tó kẹ́yìn nílé lọ́dún náà, yìnyín ló wà lọ́kàn Darlene nígbà tó jí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù Karùn-ún la wà, ewé àgbàdo ti ń yọ lóko. Emil ọkọ rẹ̀ ló kú ní ìparí oṣù Kẹwàá. Kò pẹ́ sígbà náà ni yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, tó jìn tó orúnkún. Darlene jókòó sí ilé ìdáná lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ń ronú ẹni tó máa bẹ̀ lọ́wẹ̀ tó máa wá kó o, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gba ṣọ́bìrì mọ́. Nígbà tó fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ti kó o. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ẹ̀bá títì, ojú ọ̀nà mọ́ tónítóní.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló mú kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Emil ló ń tọ́jú pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìkó-ọkà. Bí ó bá ń fa réèkì, irin eléyín tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, lórí iyẹ̀pẹ̀ pupa, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló máa ń rìn, kí réèkì lè máa pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Bí ó bá dé etí koríko, á yí réèkì náà po lẹ́ẹ̀kan, á fi àmì kan sílẹ̀ tó rí bí oṣù tuntun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń ṣe ojúlé wọn bí yìnyín bá bọ́. Á fi ṣọ́bìrì kó o, á fi ìgbálẹ̀ parí ìwọ̀nba tó kù, á rìn sẹ́yìn dé títì, á fi oṣù tuntun rẹ̀ síbẹ̀. Darlene máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Emil, ṣé olè ni ọ́ ni, tí o kì í fẹ́ kí wọ́n rí ojú ẹsẹ̀ rẹ?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ìlà ìgbálẹ̀ ló wà lójú ọ̀nà, kò sí ojú ẹsẹ̀ kan. Oṣù tuntun sì wà lẹ́bàá títì.

Gbogbo ìgbà tí yìnyín bọ́ títí òtútù fi lọ ni ó rí i bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré ló tètè dé fèrèsé, tó rí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì búlúù àwọn agbábọ́ọ̀lù Vesely bó ṣe ń yà ní kọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni. Ṣùgbọ́n irú jákẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni wọ́n wọ̀ fún Emil nínú pósí. Ohun tí ọkàn rẹ̀ wá ń sọ fún un, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gbé òun lọ rí dókítà. Ó kàn ń dúró sí fèrèsé pẹ̀lú kọfí rẹ̀, á máa wò ó, ara rẹ̀ á yá títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní báyìí, yìnyín ti lọ, àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ wọn á di ẹrù lọ́la, kálukú á gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Bí kò bá rí ẹni náà lónìí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di gbére. Ó yan kolache, búrẹ́dì dídùn kékeré, bó ṣe máa ń yan án fún àwọn tó ń lọ lọ́dọọdún. Ó kó àwọn tó fi jáàmù èso púlọ́ọ̀mù sí láàárín sínú àwo kan lọ́tọ̀, ó fi aṣọ ìnuwọ́ funfun bò ó. Àwo ẹni tí kò mọ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Brock Tesar ló kọ́kọ́ gbà lọ, akọni wọn tó máa ń lu bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà, nítorí òun ló gbé nítòsí ilé rẹ̀. Ó dì í mọ́ra lẹ́nu géètì.

"Brock, ọmọ mi, o ṣeun fún yìnyín yẹn. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ."

Brock wò ó, ó wo àwo, àwo náà ló sì ń wò bó ṣe ń dáhùn. "Ìyá Àgbà, ó wù mí kí n purọ́ fún yín nítorí kolache yẹn. Àmọ́ ẹ bi ìyá mi. Mi ò jí kí agogo mẹ́wàá tó lù rí láyé mi."

"Ta wá ni?"

"Mi ò mọ̀ o. Bí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un pé ó ń ba àwa yòókù lórúkọ jẹ́."

Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pe àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ síwájú, kálukú pẹ̀lú ìyá àti bàbá rẹ̀, àwọn ìyá gbé òdòdó dání. Darlene ń wo ọwọ́ wọn, ó ń wo bàtà wọn, bí ẹni pé yìnyín á ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Quentin Ostdiek ló jáde kẹ́yìn, ọmọ gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n bá ń na ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Láti ìgbà tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò tí ì mú igi nílé rí. Darlene pàtẹ́wọ́ fún un bí èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, ó sì gbé ojú kúrò.

Norbert Pokorny ló jókòó tì í, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà, tí kò sí oúnjẹ tí kò mọ òórùn rẹ̀ láti òkèèrè.

"Darlene, àwo yẹn ń wò mí."

"Ìwọ náà wò ó padà. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni kí o fi wò ó."

"Èmi náà kó yìnyín ní tèmi."

"Níwájú ilé tìrẹ! Ọmọ rẹ ló sì kó o. Jókòó jẹ́ẹ́."

Bọ́ọ̀lù náà gbóná. Àwọn àlejò láti Kansas kọ́kọ́ gba iwájú, Brock lu ọ̀kan kọjá ọgbà, ó wá di ọgbọọgba. Darlene pariwo orúkọ gbogbo ẹni tó mú igi, kò sì gbàgbé àwọn àlejò. "Nọ́ńbà méje! Ṣé igi nìyẹn ni àbí ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá àgbà rẹ lo mú wá?" Ọmọ náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀lù sì kọjá níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpele karùn-ún, wọ́n dá bọ́ọ̀lù dúró díẹ̀ láti tún ilẹ̀ ṣe, àwọn tí kò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà ló sì máa ń mú réèkì jáde. Ìgbà yìí ni èrò máa ń dìde lọ tọ̀, tàbí lọ ra sọ́sééjì. Darlene náà máa ń dìde. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti gba réèkì lọ́wọ́ Emil ni kì í ti í dúró níbẹ̀ lásìkò yìí. Ó máa ń sọ pé ilé ìtọ̀ ni òun ń lọ, àmọ́ ẹ̀yìn ilé ìtọ̀ ló máa ń dúró sí, kò fẹ́ rí ẹlòmíràn lórí iyẹ̀pẹ̀ ọkọ rẹ̀.

Ó ti dìde tán lọ́jọ́ náà kó tó rí ojú Norbert lára àwo. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi máa padà dé, aṣọ ìnuwọ́ nìkan ni òun máa bá. Ló bá tún jókòó.

Mẹ́ta ni wọ́n lórí pápá. Méjì ń fa réèkì bí ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ. Ẹnì kẹta kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀, ó ń rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ń fa ìlà tín-ín-rín, kò kánjú, réèkì ń pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́ bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé etí koríko, ó yí ọwọ́ po lẹ́ẹ̀kan. Oṣù tuntun jáde lórí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ó gbé réèkì, ó kọjá sí ìlà kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Darlene tẹjú mọ́ ọn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dùn ún. Emil kọ́ ló wá gbá ojúlé rẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, àmọ́ ìsinsìnyí ló tó gbà. Síbẹ̀, ọwọ́ Emil nìyẹn, ó wà lára ọmọ yìí, ó ń ṣiṣẹ́.

"Norbert, ta nìyẹn?"

"Èwo? Ọmọ Ostdiek ni. Òun ló máa ń ran Emil lọ́wọ́ nígbà tí kò lè tẹ̀ mọ́. O kò mọ̀ ni? Gbogbo ìgbà tí o bá ti lọ tọ̀ ni mo ń wò ó."

Darlene gbé àwo lé Norbert lẹ́sẹ̀. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. Òfin tó ti ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ pípẹ́, tó tìtorí rẹ̀ bá ìyá àwọn ọmọ jà, ó fi ẹnu ara rẹ̀ fọ́ ọ.

"Quentin! Ostdiek! Ta ló ni ín?"

Àwọn tó wà níbi sọ́sééjì yíjú padà, wọ́n ń wá ẹni tó mú igi, wọn kò rí ẹnì kankan. Ó tún pariwo, ohùn rẹ̀ sán lójijì. "Mo ní Quentin Ostdiek! Ta ló ni ín?"

Norbert ló kọ́kọ́ dìde. "Àwa la ni ín!" Òun nìkan. Lẹ́yìn náà ni Brock fo jáde láti ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù jókòó sí, gbogbo wọn tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi igi lu irin ọgbà. "Àwa la ni ín!" Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tò síbi sọ́sééjì, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá Quentin tó ti ń fi òdòdó bo ojú. Àwọn ará Kansas náà ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Quentin dúró gbagidi, etí rẹ̀ pọ́n. Ẹsẹ̀ kan ló gbé kó máa bọ̀, ó wo ìlà tó ti fà, ó dá ẹsẹ̀ náà padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn nínú ariwo yẹn, ó fà á dé etí koríko, ó yí oṣù tuntun tirẹ̀ po, kó tó wá gbé réèkì sókè sí Darlene.

Vesely pàdánù bọ́ọ̀lù náà. Norbert ló sọ fún Darlene, nítorí Darlene kò rí ìpele tó kù. Nígbà tí èrò ń túká, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó na àwo náà sí Quentin. Ọ̀kan ti dín nínú rẹ̀, Norbert ń wo ojú ọ̀run.

"Kí ló dé tí o kò kanlẹ̀kùn?" Darlene béèrè. "Gbogbo ìgbà òtútù! Ǹ bá ti fún ọ ní kọfí."

Quentin wo bàtà rẹ̀. "Mo fẹ́ kan án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Àgbà. Mo padà wá torí rẹ̀. Mo wá rí yín lójú fèrèsé, ẹ ń wo ilẹ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín." Ó gbójú sókè wò ó. "Mo rò pé Bàbá lẹ̀ ń rí. Mi ò fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi bà á jẹ́."

Darlene di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ihò ọgbà, ọwọ́ tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ pupa. "O ṣé," ló kàn wí. "O ṣé, ọmọ mi. Mo rí i níbẹ̀ lóòótọ́."

"Ẹ má ṣèyọnu nípa ọdún tó ń bọ̀," Quentin sọ, kolache ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan. Ó ń gbìyànjú, àmọ́ ó ṣì máa ń fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa ní sùúrù fún un."

Darlene rẹ́rìn-ín, ó fi apá aṣọ nu ojú rẹ̀.

"Sọ fún un kó fi sílẹ̀," ó ní. "Sọ fún un kó tẹ ẹsẹ̀ ńlá náà mọ́ ọn dáadáa, títí dé ẹnu ilẹ̀kùn mi. Kọfí á ti wà lórí iná."