Ọmọ Tí Ìyá Rẹ̀ Fi Pamọ́ Sábẹ́ Kédárì

"Mo ní kí o dúró!"

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu Delfina Longoria nígbà tí ìbọn dún. Lẹ́yìn adágún omi ẹran, agbo ọ́ríkìsì fọ́n ká, àwọn àgbọ̀nrín ńlá aláwọ̀ eérú tí ìwo wọn gùn tó sì mú bí ọ̀kọ̀. Eruku funfun bò wọ́n. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kò sá. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀.

"Mo ti pa á!" Dókítà Haskins, oníṣègùn eyín láti Houston, fò sókè. "Ṣé ẹ rí ìwo yẹn? Òun ló gùn jù nínú gbogbo wọn!"

Delfina sọ awò tó fi ń wo ọ̀ọ́kán kalẹ̀ sí àyà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni òun àti Efraín ọkọ rẹ̀ fi mú àlejò ṣọdẹ nínú ọgbà ẹran yìí. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí Efraín ti kú, òun nìkan ló ń mú wọn lọ. Kò sí àlejò tí kì í kọ́kọ́ kìlọ̀ fún kí ó tó ki ọta bọ ìbọn, ó sì ti kìlọ̀ fún èyí náà bí wọ́n ti ń jẹ tọ́tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án: àti akọ àti abo ọ́ríkìsì ló ń hu ìwo. Ti abo ló gùn, tó sì tín-ín-rín. Ti akọ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ki nídìí. Ìdí ìwo ni kó o máa wò, má wo ṣónṣó. Bí n kò bá tíì sọ pé "ìyẹn ni", má yìnbọn.

"Abo lo pa," ni Delfina wí.

"Kí ló wá ṣe é? Ìwo ṣáà ni ìwo."

Royce Ottmers, tó jogún ọgbà náà lọ́wọ́ baba rẹ̀ ní èṣín, dúró lẹ́yìn wọn, ó ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá Dọ́ńà Delfina lóhùn, Dókítà." "Dọ́ńà" ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà obìnrin lédè Sípéènì. " Ó ti pẹ́ tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹran tó dáa ni, ẹ kú oríire."

Wọ́n rìn dé ibi tí ẹran náà wà. Delfina kúnlẹ̀ tì í, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Ọmú náà kún. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wàrà sì tú jáde, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ṣàn gba àárín ìka rẹ̀ sórí koríko gbígbẹ.

"Ó ní ọmọ," ó ní. "N kò rí ọmọ kankan láàrin agbo, nítorí náà ó ṣì kéré gan-an. Ó fi í pamọ́ ni. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ fún un lọ́mú. Ọmọ yẹn kò ní mira níbi tó wà àfi tó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ajá igbó á rí i. Wákàtí méjì àbọ̀ ló kù. Tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pín ilẹ̀ yìí, a lè rí i."

"Fọ́tò ńkọ́?" Haskins bi Royce, bí ẹni pé obìnrin náà kò sí níbẹ̀. "Oòrùn ń lọ o."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ẹ̀ka igi ná," ni Royce wí.

Láti Jámánì ni baba ńlá Royce ti gbé àṣà náà wá, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n pa á jẹ. Bí ẹran bá ṣubú, amọ̀nà á ṣẹ́ ẹ̀ka méjì. Yóò fi ọ̀kan sí ẹran lẹ́nu, oúnjẹ ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn. Yóò ti èkejì bọ ẹ̀jẹ̀, yóò gbé e lé orí fìlà tirẹ̀, yóò sì nà án sí ọdẹ pẹ̀lú ìbọwọ́, láti fi jẹ́rìí pé ó pa ẹran náà bó ti yẹ; ọdẹ á sì fi í há ara fìlà tirẹ̀. Haskins ti ra fìlà tuntun nítorí ẹ̀ka náà.

Delfina ṣẹ́ ẹ̀ka kan lára igi óákù. Ó la ẹnu ẹran náà, ó fi í sí i, ó sì dìde.

"Èkejì dà?" ni Haskins bèèrè.

"Kò sí èkejì."

"Ìyá yìí, ṣé o mọ ibi tí mo ti wá ṣá?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Houston. Ọ̀nà ibẹ̀ ò tíì dí."

Royce fà á lápá sẹ́yìn ọkọ̀. "Dọ́ńà, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ fún un lẹ́ka, kí ẹ sì sọ sínú fóònù yìí, kí wọ́n lè rí i, pé àgàn ni ẹran náà, pé ẹ̀yin lẹ yàn án fún un. Gbólóhùn kan péré."

"Wàrà rẹ̀ ò tíì gbẹ lọ́wọ́ mi, o ní kí n pè é lágàn?"

"Baba mi ì bá ti..."

"Má da òkú sí i. Baba rẹ ì bá ti gba ìbọn lọ́wọ́ dókítà yẹn."

Ojú Royce pọ́n. "Tí ẹ bá fi ibí sílẹ̀ báyìí, ẹ kó ẹrù yín kúrò nínú ilé yẹn kó tó di Sátidé."

Ilé òṣìṣẹ́ ọgbà ni, ibẹ̀ ni Efraín kú sí. Delfina wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó wò ó títí ìyẹn fi wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì ń lọ.

Láti etí omi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá ojú ẹsẹ̀ abo náà, ó sì ń tọ̀ ọ́ padà sí ibi tó ti wá, gba ẹ̀gbẹ́ wáyà tó yí ọgbà ká, gba inú odò gbígbẹ, níbi tí òkúta funfun kì í ti í gba àmì ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́ nù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ oṣù kìíní ń gé e létí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Efraín, ohùn jẹ́jẹ́ ni gbogbo ènìyàn fi ń bá a sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ lòun náà fi ń dá wọn lóhùn, wọ́n sì rò pé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Bó ti ń tẹ òkúta mọ́lẹ̀ báyìí, bíi kó pariwo ló ń ṣe é, eyín rẹ̀ sì ń pa ara wọn. Ọkùnrin yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ òun! Ó gbọ́ ọ ketekete, ó sì yìnbọn.

Oòrùn ti kan orí òkè nígbà tí ẹsẹ̀ náà wọ abẹ́ àwọn igi kédárì. Kò rí nǹkan kan. Ó dojú bolẹ̀, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ lọ, ó ń wo abẹ́ ẹ̀ka lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ohun tó pè ní koríko gbígbẹ ṣẹ́jú.

Ọmọ náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ tó sùn lé. Ó tẹ́ ọrùn mọ́ iyanrìn. Ó ń wo Delfina, ẹ̀rù bà á débi pé ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì lábẹ́ egungun ìhà, síbẹ̀ kò mira. Ìyá rẹ̀ ní kó dúró, ó sì dúró. Ìyẹn ló mú kí omi bọ́ lójú Delfina. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó wé e mọ́ ọmọ náà, ó sì gbé e.

Bó ti jáde sójú ọ̀nà, ọkọ̀ Royce ń bọ̀. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀.

"Ó ti lọ," ni Royce wí láti ojú fèrèsé. "Ó ní òun ò ní dé ibí mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ òun náà ò ní dé ibí. Ṣé inú yín dùn báyìí?"

"Sún lọ sí òdìkejì."

"Dọ́ńà..."

"Mo ní kí o sún!"

Ó sún. Delfina gbé ọmọ náà lé e nítan, ó sì wọlé síbi tí wọ́n ti ń wakọ̀. Ọmọ náà le gbagidi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí fi imú wá nǹkan kiri lára ṣẹ́ẹ̀tì Royce, títí ó fi rí ìka rẹ̀.

"Ó ń fà á mu bí ọmú," ni Royce wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ebi ló ń pa á. Má yọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn," ni Royce wí, "ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀. Ẹ dúró."

"N kò ní dúró. Mo máa lọ ní Sátidé gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí."

"Ta ni yóò wá tọ́ eléyìí? N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ìwọ ni. Wàrà ewúrẹ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Màá kọ́ ọ ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù. Tí o bá sùn gbàgbé, yóò kú, o ò sì ní rí ẹni tí wàá ní kó sọ pé òun ló jẹ̀bi."

Delfina ṣíná sí ọkọ̀. Inú ń bí i dé eékánná, ṣùgbọ́n ó rọra wà á gba orí òkúta, kí ọmọ náà má baà fò.