Alágbàsọ Wa Nínú Gíláàsì

Nínú ilé wa, tí èmi àti ọkọ mi bá ń jà, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn la máa ń rán. Àbíkẹ́yìn wa ló ṣe iṣẹ́ yìí jù lọ kó tó lọ sílé ọkọ. Màá jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ọkọ mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, bí n bá na ọwọ́ màá kàn án, màá wá sọ fún ọmọ náà pé, "Bá mi sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." Ọkọ mi á ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti gbọ́." Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ológbò ilé la fi rọ́pò rẹ̀. Ológbò kò mọ bí a ṣe ń jíṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi tirẹ̀ kún un.

Ohun tó dé bá wa nílẹ̀ òkèèrè ni pé a kò ní ẹni tí a lè rán. Àkọ́bí wa obìnrin ló ní kí a lọ lo ìsinmi. Ó ní bàbá òun ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ káfíńtà, èmi náà ti fi aṣọ rírán sílẹ̀, ó yẹ kí a lọ wo ayé díẹ̀. Òun ló ṣètò gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a dé hòtẹ́ẹ̀lì, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù láti kí wa kú ìrìn. Inú balùwẹ̀ ni mo wà, mò ń bọ́jú. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tó dákẹ́, mo wá gbọ́ tó ní, "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ó dáa. Bọ́jọ́ bá dé, ẹ̀gbẹ́ màmá mi ni kẹ́ ẹ sin mí sí o."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Ìdí rẹ̀ ni pé níbi tí ìyá ọkọ mi sùn sí, ògiri ló wà lápá ọ̀tún wọn, àyè tó kù lápá òsì kò sì gbà ju ẹnì kan lọ. Ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi tépù wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí a sin wọ́n. Bó bá lọ síbẹ̀, kò sí ibì kankan fún mi, èmi tí mo ti ń sùn ti ọkùnrin yìí láti ìgbà tí kò ní ju òòlù kan àti ayùn tí kò mú. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ràn mi láyé, mo gbà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n tún máa rí mi lé jáde lọ́run.

Mo jáde nínú balùwẹ̀, mo nu ojú mi, mi ò sọ nǹkan kan. Ọkọ mi wo ojú mi, ó mọ̀ pé mo ti gbọ́, òun náà pa ẹnu mọ́. Ibùsùn kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà. A sùn sórí rẹ̀ bí ẹni tó bá ara wọn pàdé nínú ọkọ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, nítorí ọkọ mi a máa dìde lóru lọ tọ̀, mi ò sì fẹ́ kó máa gba orí mi kọjá.

Ilẹ̀ mọ́, òjò ń rọ̀. Mo pe àkọ́bí wa. Mo ní, "Bá mi bi bàbá rẹ bóyá wọ́n á jáde lónìí àbí wọn ò ní jáde."

"Màmá, ṣebí inú yàrá kan náà lẹ jọ wà?"

Mo ní iṣẹ́ tí mo rán an kọ́ nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun wà níbi iṣẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Bí alágbàsọ wa ìkẹyìn ṣe fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà lódìkejì títì. Òjò ló gbé wa wọ ibẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ ìmọ̀. Wọ́n gba agboòrùn lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ká rọra máa sọ̀rọ̀, wọn ò mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ni ìṣòro wa. Inú ibẹ̀ tutù, ó sì mọ́. Ilẹ̀ onípákó rẹ̀ ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi, ọkọ mi sì ń wo ilẹ̀ náà bí ẹni pé ó bú u. Ìkòkò fífọ́ ni wọ́n tò kún yàrá àkọ́kọ́, wọ́n tan iná sí wọn lórí. Irú rẹ̀ tí mo ti gbá dànù láyé mi kò lóǹkà, kò sí ẹni tó tan iná sí i.

Ọkọ mi kò wo ìkòkò kankan. Àpótí tí wọ́n kó wọn sí ló ń wò. Ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí igi ti pàdé igi, ó ń fi èékánná kàn án, ó ń mi orí. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ máa ń pè é ní Bàbá Oníwọ̀n, torí tépù kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Ó gbé e wá síbi ìsinmi. Tí wọ́n bá gbé adé ọba síwájú rẹ̀, ìṣó tó di tábìlì rẹ̀ mú ló máa yẹ̀ wò.

Yàrá tó kẹ́yìn la ti rí wọn. Èèyàn méjì ni, egungun lásán, nínú gíláàsì kan tó fẹ̀ tó ibùsùn. Àwọn awalẹ̀pìtàn, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ kiri láti mọ báwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé, ti gé ilẹ̀ náà gbé wá tòun ti òkú inú rẹ̀. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lọ́rùn èyí tó kéré. Wọ́n kọjú síra, ọwọ́ èyí tó tóbi sì wà léjìká èkejì. Ọkọ àti ìyàwó. Omi dé ojú mi, inú sì tún bí mi sí i.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ọmọ, kò sí ológbò. Mo bá súnmọ́ gíláàsì, mo kúnlẹ̀, torí àgbà ni wọ́n.

"Màmá, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ má bínú pé mo jí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọkùnrin tó ń wo ìṣó lẹ́yìn mi yìí, ṣé ó rí bí àwọn èèyàn gidi ṣe ń ṣe?"

Ọkọ mi nàró. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó wá dúró sápá ibi tí ẹni tó tóbi wà.

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi sọ fún obìnrin ẹ̀gbẹ́ yín, kì í ṣe èyí tó sùn o, èyí tó ń jà, pé ẹni tó bíni kì í ṣe ẹni àìmọ̀."

"Màmá, ẹ ní ta ló ń bá a wẹ ẹsẹ̀ nígbà tí ìṣó gún un tí kò lè rìn? Ṣé ìyá ẹ̀ ni?"

"Bàbá, ẹ sọ fún un pé ó ní àwọn àbúrò, ó ní ọmọ, ó ní ẹgbẹ́ aránṣọ. Màmá mi nìkan ló wà lọ́hùn-ún. Ta ni wọ́n ní?"

Mo ní kí Màmá ṣe sùúrù fún mi.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ yàrá náà ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ìyá arúgbó lórí ìkúnlẹ̀, ó rí bàbá arúgbó tó ṣí fìlà, àwọn méjèèjì ń rọra bá òkú sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà tirẹ̀ náà, ó fà sẹ́yìn. Àwọn àlejò tó wọlé rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì tò sẹ́yìn wa. Obìnrin kan tó pọn báàgì ńlá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí láti mọ ohun tó kàn. Mo tẹrí ba fún un. Ó tẹrí ba fún egungun.

Ibẹ̀ ni obìnrin tó ń mú àlejò káàkiri ilé náà ti bá wa. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sàn ju tiwa lọ, nítorí náà a gbọ́ra yé dáadáa. Ó rọra béèrè bóyá a mọ̀ wọ́n ni. Mo ní rárá, iṣẹ́ la kàn ń rán wọn. Mo wá fẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo bá bi obìnrin náà pé báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó gẹ́gẹ́ bí ọkọ àti aya.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní gbogbo èèyàn ló máa ń rò bẹ́ẹ̀, àwọn náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di pé wọ́n yẹ egungun náà wò. Ó ní ìyá àti ọmọ ni wọ́n.

Ẹyin lohùn. Tèmi ti fọ́ sílẹ̀, lójú gbogbo èèyàn ló sì ti fọ́. Mo dìde, mo gbọn eruku tí kò sí lára aṣọ mi. Mo ń retí pé kí ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó jàre mi pátápátá, ọkùnrin náà sì kì í jàre kó má sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí obìnrin náà.

"Ìyàwó ọmọ yẹn ńkọ́?"

Ó ní wọ́n gbẹ́ gbogbo àyíká ibẹ̀, wọn ò rí ẹlòmíràn. Ó ní eyín ọkùnrin náà fi hàn pé ó ti dàgbà dáadáa, ó ṣeé ṣe kó láya. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ibi tí obìnrin náà wà.

"Kò sí ẹnì kankan?"

"Kò sí."

Ó kó àwọn àlejò rẹ̀ lọ. Ọkọ mi kò kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì, kò sì wo ìṣó lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Bàbá, obìnrin yẹn dà? Níbo lẹ fi í sí?" Mo tẹ́tí bóyá èmi ló ń pòwe mọ́. Èmi kọ́. Ọkùnrin inú gíláàsì náà ló ń bi lóòótọ́, ó sì dúró gba èsì. Mo mọ ojú tó wà lójú rẹ̀ yẹn. Ojú tó máa ń ní tó bá gé pákó kúrú, tí kò sì sí pákó míì nílẹ̀ ni.

Ó yọ tépù. Ó nà án sórí gíláàsì, láti etí ilẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ìyá, ó tún nà án lápá kejì. Ọlọ́dẹ dé fìlà rẹ̀ padà, ó wá sọ fún un pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ó ká tépù rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, èmi gan-an.

"Wọn ò fàyè sílẹ̀ fún un," ó ní.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé tépù tó ti ká tán ló tún ń ká.

"Ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa," ó ní, "lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí mo máa ń sá pákó sí. Ó gba èèyàn méjì. Mo ti wọ̀n ọ́n."

"Ìgbà wo lẹ wọ̀n ọ́n?"

"Nígbà tí àìsàn yẹn fẹ́ gbé ẹ lọ."

Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá. Mo wà lórí ibùsùn nígbà náà, mo rò pé pákó tó sá ló lọ yí.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ̀gbẹ́ màmá yín?"

"Ọmọ yẹn ló bi mí lójijì. Màmá ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo wò ó pé wọ́n dá wà."

"A ó máa lọ kí wọn," mo ní. "A ó máa lọ títí ẹsẹ̀ ò fi ní gbé wa mọ́." Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó yà mí lẹ́nu.

Ó mi orí pé ó dáa. Ó dé fìlà rẹ̀. Ó ní, "Apá ibo lo fẹ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri."

"Mi ò ní máa dìde lóru mọ́ níbẹ̀ yẹn."

Ibẹ̀ ni ẹkún gbé mi, níwájú ọlọ́dẹ, níwájú ìyá àti ọmọ. Mo ní kó ṣáà fi ẹ̀gbẹ́ ògiri sílẹ̀ fún mi.