Ilẹ̀ Tí Mal-sun Ha

"Màmá, gọ́ọ̀mù ṣì kù lábẹ́ síǹkì yẹn o," ni Mi-ran wí láti orí àga, ó ń bó ọsàn jẹ.

Mal-sun fà sábẹ́ síǹkì tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń wí. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti wà lórí eékún, tó ń fi irin pẹlẹbẹ ha ilẹ̀ kíṣìnì wọn ní ìlú Gunsan, ní Korea. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ogún ọdún ti ká kúrò, àmọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀ takú, pákó tuntun kò sì ní jókòó lé e. Kò ṣeé fi òòlù gbẹ́, torí páìpù omi gbígbóná tó ń mú ilé móoru gba abẹ́ ibẹ̀. Sùúrù ló ń gbà, àti eékún. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni o! Síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn, yàrá rẹ̀ ló kángun sí kíṣìnì, òun ni yóò máa kọ́kọ́ tẹ pákó náà láràárọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Pyo, onípákó, wọlé, ó bọ́ bàtà, ó fọwọ́ pa ilẹ̀ náà, ó yìn ín. Ó na téèpù rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ó wọ yàrá Mal-sun, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì títí dé ìdí ẹní rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, yàrá mi nìyẹn. Kíṣìnì nìkan là ń ṣe."

"Ìyá àgbà, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wó ògiri yìí. Wọ́n fẹ́ kí kíṣìnì fẹ̀. Wọn ò sọ fún yín ni?"

Mal-sun yíjú sí Mi-ran.

"Màmá, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn. Àyè ti yọ nílé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ọ̀túnla lẹ ń kó lọ. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú mú ọjọ́."

Òótọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mi-ran, tó máa ń fi àṣà ṣe yẹ̀yẹ́, gbé kàlẹ́ńdà wá: ọjọ́ wo lèèyàn lè kẹ́rù jáde tí ẹ̀mí burúkú ò ní tẹ̀ lé e? Inú ìyá dùn dé ìdí. Ó wọ awò ojú, ó ka ọjọ́ òṣùpá, ó fọwọ́ lé ọjọ́ kọkàndínlógún. Ó ṣe bí ìkòkò àti fíríìjì ni wọ́n fẹ́ kó jáde. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Gi-tae, ọmọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ sí i?"

"Mo fẹ́ sọ fún yín, Màmá."

"Nígbà wo?"

"Tẹ́ ẹ bá ha ilẹ̀ tán."

Ọ̀rọ̀ náà gún ìyá lọ́kàn. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ju irin náà síwájú ọmọ.

"Èmi ò ní ha tibí. Ìwọ tí mo bí, wá kúnlẹ̀ kó o ha á lójú mi."

Ó dá a lójú pé kò ní lè ṣe é. Ọmọ wo ló lè ṣe é?

Gi-tae wo ìyàwó rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ha á dé etí ẹní. Kò gbójú sókè.

"Màmá," ó ní, "ẹ sún díẹ̀ fún mi."

Ìyá sún.