Ìtọ̀ Gbọ̀n Mí ní Ifẹ̀ Tuntun

Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kó dé etí Fadérera ìyàwó mi o. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn òbí Fadérera ni mo sùn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n kó kúrò ní Kàdúná wá sí Ifẹ̀, sí àdúgbò tuntun. N ò dé Ifẹ̀ rí ṣáájú àná.

Nínú àlá náà, ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní ìlú àtijọ́. Mo gbé búrẹ́dì ńlá kan dání fún àwọn àna mi. Ilé alámọ̀ kan jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó nasẹ̀, ó ń fi páánù rẹ̀ tó ti dípẹtà fẹ́ atẹ́gùn sára.

Mo ní, "Ẹ kú ìsinmi o, mà."

Ó ní, "Oò, ọmọ mi. Ibo lò ń lọ?"

Mo ní àdúgbò tuntun ni. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Wọn kì í kíni níbẹ̀ o."

Mo yà ní kọ̀rọ̀ kan báyìí, mo bá ara mi níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, ó rẹwà! Títì ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn báńkì onígíláàsì ń wo ojú ara wọn, wọ́n ń yarun. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló kẹ̀yìn sí ọ̀nà, tí wọ́n fi fẹ́ǹsì bojú. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí.

Kò sí igbó, kò sí àkìtàn, kò sí ṣáláńgá. Mo sún mọ́ ògiri kan. Wọ́n kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sí i lára. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀wé.

Ògiri ní, "Mo ti rí ọ. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Àlejò ni mí."

"Lọ gbàṣẹ ní ọ́fíìsì."

Ọ́fíìsì léfòó sójú ọ̀run, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó iná bí ẹní so àgbò iléyá. Mo fa okùn, ó sọ̀ kalẹ̀, mo wọlé, ó tún gbéra. Kò yà mí lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn.

Ọ̀gá kan jókòó nínú kóòtù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Ó ní, "Kí mi ná."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè bàbá mi. Bó ṣe ń béèrè ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn sí i. Nígbà tó máa fi kan àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ó ti hùwo, ó ti di òbúkọ, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó na ẹnu sí búrẹ́dì mi, ó ń jẹ ẹ́.

Búrẹ́dì ké sí mi, ó ní, "Ọkọ Fadérera, ṣé bó o ṣe máa wò mí níran nìyí? Ilé àna rẹ ni wọ́n ní kí n lọ!"

Mo ní kó ṣe sùúrù, ọ̀gá ló ń jẹ ẹ́.

"Mẹ̀ẹ̀," ni ọ̀gá wí. Ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ni ọ́fíìsì bá já mi sínú ilé ìtọ̀ kan, funfun báláú, òórùn ọṣẹ ń ta sánsán. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo tú okùn ṣòkòtò. Àfi gìrìgìrì lẹ́yìn mi! Ilé alámọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ni, ó fọwọ́ di òrùlé mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìwọ tó o kí mi, má tọ̀ ọ́ o! Bẹ́ẹ̀dì àna rẹ nìyẹn!"

Mo ta jí. Ọwọ́ mi wà lára okùn ṣòkòtò. Mo fọwọ́ ba bẹ́ẹ̀dì, ó gbẹ. Èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta! Ojú wo ni n bá fi wo ìyá ìyàwó mi?

Mo sáré dé ilé ìtọ̀. Wọ́n ti tì í láti inú. Ẹnì kan húkọ́ níbẹ̀, mo tún gbọ́ mẹ̀ẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Bàbá Fadérera ni.

Kí ni n bá ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ sórí táìlì lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀ o, àna mi! Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Àwọn ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

Mo ń dáhùn, mo ń fún itan pọ̀. Bàbá ní, "Búrẹ́dì tí ẹ mú wá yẹn mà dùn o. Mo ti jẹ ẹ́ tán lóru."

Nígbà tó kan àwọn àbúrò, mo ní mo ń bọ̀. Mo já gba géètì jáde, mo kọjú sí fẹ́ǹsì wọn. "Ẹ má tọ̀ síbí," wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

Mo wọ̀tún, mo wòsì. Mo kọ́kọ́ kí fẹ́ǹsì ná.